Ẹni tí ó ti kúrò láàrin wa

Bí ẹnì kan tí ó ti ń bá wa kúnlẹ̀ nínú ilé ìsìn bá kọ ìgbàgbọ́ sílẹ̀, kí ni ó yẹ kí àwa tí ó kù ṣe sí i? Ìbéèrè yìí ń dà wá láàmú. Ọ̀rẹ́ wa kan wà tí kò gbàgbọ́ mọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí yẹra fún un. A kò bá a jẹun mọ́, a kò sì béèrè àlàáfíà rẹ̀. Nígbà tí baba rẹ̀ kú, àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí kì í ṣe onígbàgbọ́ lọ bá a ṣọ̀fọ̀; àwa kò lọ. A pe èyí ní ìtara fún Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú Ìjọ. Ní ọdún 250, Decius, ọba Róòmù, pàṣẹ kí àwọn ènìyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà. Ní Carthage, ní Àríwá Áfíríkà, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ rúbọ nítorí ìbẹ̀rù. Àwọn mìíràn fi owó ra ìwé ẹ̀rí pé àwọn ti rúbọ. Nígbà tí inúnibíni náà rọlẹ̀, àwọn kan ní kí a gbà wọ́n padà lójú ẹsẹ̀. Àlùfáà Novatian ní Róòmù ní kí a má ṣe gbà wọ́n títí láé. Ní ọdún 251, Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe ìgbìmọ̀: wọn kò fi ojú kékeré wo ẹ̀ṣẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣí ọ̀nà ìrònúpìwàdà sílẹ̀. Cyprian fúnra rẹ̀ ti sá pamọ́ nígbà inúnibíni yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì kú ikú ajẹ́rìíkú ní ọdún 258.

Ẹnì kan lè wí pé àwọn wọ̀nyẹn ń fẹ́ padà, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wa kò fẹ́. Òtítọ́ ni. A kò lè fi agbára mú un, a kò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé kò sí ìyàtọ̀ láàrin wa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún kan ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ ọn lójú? Àwọn àgbà wí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Àwa fi ọwọ́ méjèèjì tì í.

Ní èrò tiwa, kí á máa kí i, kí á máa bá a jẹun, kí á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìbànújẹ́. Kí ìkíni wa má sì jẹ́ ìdẹkùn: kì í ṣe gbogbo ìbẹ̀wò ni ó gbọdọ̀ di ìwàásù. Olùkọ́ ni àwa yóò jẹ́. Ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò jókòó níwájú wa lọ́jọ́ kan, yóò sì mọ̀ bí a ti ṣe sí baba rẹ̀.

Ọ̀fọ̀ náà ti kọjá. A ti pẹ́. Síbẹ̀, a ó lọ kí i.