Ẹ Má Fi Ẹ̀mí Ra Ìdí

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé ìdí ò dọ́gba. Ta ló wá sọ fún ẹ̀yin ọmọge Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè pé kí ẹ lọ ra tiyín l'Ékòó?

Wọ́n á fa ọ̀rá ikùn yín jáde, wọ́n á gún un sídìí. Bí ọ̀rá yẹn bá ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ìdí, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà. Ó parí nìyẹn! Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ tó ń tún ara ṣe kìlọ̀ pé ikú ibẹ̀ lè tó ẹnì kan nínú 3,000.

N ò bá ọ̀rá jà o. Nígbà tí Gustav Neuber ará Jámánì lò ó ní 1893, ọ̀rá apá aláìsàn ló fi dí àpá tó jìn sínú lábẹ́ ojú rẹ̀. Lónìí, wọ́n ń fi í tún ọmú tí jẹjẹrẹ bà jẹ́ ṣe, wọ́n ń fi í mú àpá iná rọ̀. Iṣẹ́ gidi nìyẹn!

Ṣùgbọ́n bí kẹrosíìnì bá jó ọmọ kan lójú ní Ogun Waterside, ta ló ń dáwó fún un? Ojú la ń gbé kúrò lára rẹ̀. Ìdí àrà là ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń súfèé tẹ̀lé ìdí ní títì, ẹ̀yin lẹ ń ti ọmọ ọlọ́mọ sábẹ́ ọ̀bẹ.

Ẹ fowó yẹn tún ojú ọmọ náà ṣe. Ìdí tí wọ́n bí mọ́ yín tó í so ìlẹ̀kẹ̀ sí.