Ẹ̀yin Arákùnrin Tí Orí Yín Ń Pá, Ẹ Gbé E Sókè

Ọ̀rọ̀ ìlera tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìyàwó ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ kà á, kí wọ́n sì rọra ṣí ìwé náà sílẹ̀ síbi tí ojú baálé yóò ti tó o.

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ èyíkéyìí ní Òkè-Fíà ní Òṣogbo, tàbí lẹ́bàá ọjà Atákúnmọ̀sà ní Iléṣà. Ẹ ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí yóò ní kí wọ́n fá gbogbo rẹ̀ kó di gorimápá. Òmíràn ń bá ìgbà lọ ni. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tó jẹ́ pé iwájú orí rẹ̀ ló ti ń ṣí, ó sì rò pé bí gbogbo rẹ̀ bá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tí yóò mọ èyí tó fúnra rẹ̀ lọ. A tún ní àwọn bàbá tí kì í ṣí fìlà láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan, nínú ilé Ọlọ́run, ni orí wọn ń rí ìta, wọn a sì wá ìjókòó lọ sẹ́yìn pátápátá.

Ẹ̀rín ni a sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí rín. A ó ní apárí fojú di abẹ, a ó sì kọjá lọ. Ẹni tó ni orí náà kò rẹ́rìn-ín tó bí a ṣe rò. Nítorí rẹ̀ ni àwọn kan fi ń kó owó ilé fún oníṣègùn ẹ̀bá títì, tí àwọn kan ń gbé oògùn tí dókítà kò fún wọn mì, tí àwọn mìíràn sì gbà pé ayé ló ń bá wọn jà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a la ọ̀rọ̀ náà yékéyéké.

KÍ LÓ Ń FA ORÍ PÍPÁ?

Irun tó wà lórí ènìyàn tó ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn nǹkan bí 100,000. Lójoojúmọ́ ni 50 sí 100 ń já kúrò, tí òmíràn sì ń hù rọ́pò wọn. Nítorí náà, irun díẹ̀ tí ẹ rí lára ìyarun tàbí lórí ìrọ̀rí kì í ṣe ohun ẹ̀rù.

Lára ọkùnrin, omi ara kan wà tó ń sọni di ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní testosterone. Ara a máa yí díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sí òmíràn tó lágbára jù ú lọ, DHT ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnì kan bá jogún ojú irun tí kò lè gba DHT yìí mọ́ra, ojú irun náà yóò máa súnkì díẹ̀díẹ̀. Irun tó nípọn yóò di tín-ín-rín, tín-ín-rín yóò di bíi ti ọmọ ọwọ́, lẹ́yìn náà a kò ní rí i mọ́. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bátí àti iwájú orí, tàbí láti àárín orí. Ti ìpàkó àti ẹ̀gbẹ́ etí kì í sábà lọ, nítorí DHT kì í rí wọn gbé ṣe.

Ní 1942, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, James Hamilton, ṣàlàyé pé àwọn ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá kí wọ́n tó bàlágà kì í pá lórí. Èyí fi hàn pé kì í ṣe àárẹ̀ ọpọlọ, kì í ṣe fìlà dídé, kì í sì í ṣe ẹrù tí a fi orí rù ló ń fa á. Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ bàbá ìyá ẹni nìkan ni ó ti ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìhà bàbá àti ìhà ìyá ni a lè ti jogún rẹ̀.

KÌ Í ṢE GBOGBO IRUN TÓ Ń LỌ NI ORÍ PÍPÁ

Ìwé Léfítíkù orí kẹtàlá fi ìyàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí kí ilé ìwòsàn tó wà. Ó sọ pé mímọ́ ni ọkùnrin tí irun orí rẹ̀ rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n bí egbò bá wà níbi tó pá, kí àlùfáà yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí àwọn dókítà ń ṣe lónìí náà nìyẹn.

Bí ibi tó pá bá rí róbótó, tó ń yún, tó ń ṣí èépá, pàápàá lórí ọmọdé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ làpálàpá. Ìpara nìkan kì í kápá rẹ̀ lórí, nítorí ó ti wọ ìdí irun. Oògùn tí a ń gbé mì ni dókítà yóò fún un. Bí ó bá rí róbótó, tó ń dán, tí kò yún, tó sì ṣẹlẹ̀ lójijì, ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara ló ṣìnà, tí wọ́n ń bá irun jà. Ọ̀pọ̀ irú èyí ni irun ń padà hù síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí irun bá ń já wọ̀ìwọ̀ì káàkiri orí, ẹ rántí oṣù méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn. Ibà líle, iṣẹ́ abẹ tàbí ìbànújẹ́ ńlá lè fa á, òun náà sì máa ń padà.

A tún fẹ́ sọ ti ìpàkó. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa ni kókó wẹ́wẹ́ máa ń yọ sí lẹ́yìn ọrùn, tó ń dùn wọ́n, tó sì ń di àpá tí irun kò ní hù sí mọ́. Fífá ibẹ̀ kanlẹ̀ ń mú un pọ̀ sí i. Ẹ ní kí onígbàjámọ̀ má fá a mọ́lẹ̀ jù. Bí agbára bá sì wà, ẹ ra mọ́ṣíìnì ìgẹrun tiyín, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi abẹ tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn kàn yín lórí. Ẹ̀jẹ̀ tí a kò fojú rí lára abẹ lè gbé kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí ti éèdì wọ ara ẹlòmíràn.

ÌTỌ́JÚ WO LÓ WÀ?

Èkíní ni minoxidil. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ń gbé mì ni tẹ́lẹ̀. Àwọn dókítà ṣàkíyèsí pé irun ń hù lára àwọn tó ń lò ó, wọ́n sì ṣe é ní olómi tí a ń fi pa orí. Ní 1988 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún orí pípá àwọn ọkùnrin. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni a sábà ń fi í pa orí tó gbẹ. Irun lè kọ́kọ́ já sí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, èyí kò gbọdọ̀ dẹ́rù bani. Ó tó oṣù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí a bá dá a dúró, èyí tó hù yóò tún lọ. Ẹni tó ní àrùn ọkàn kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láì bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ìkejì ni finasteride, hóró tí a ń gbé mì, tó ń dín DHT kù. Ní 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún wíwú próstéètì. Ní 1997 ni wọ́n fọwọ́ sí èyí tó kéré, míligíráàmù kan, fún irun. Ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó lè dín ìfẹ́ àti agbára ọkùnrin kù lára àwọn kan, ó sì lè mú ọkàn àwọn mìíràn rẹ̀wẹ̀sì. Aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó fọ́, nítorí ọmọkùnrin tó lè wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: oògùn yìí máa ń jẹ́ kí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA ti próstéètì wálẹ̀. Bí ẹ bá ń lò ó tí ẹ kò sọ fún dókítà, àrùn jẹjẹrẹ lè sápamọ́ sẹ́yìn èsì tó dára. Àrùn yìí sì wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú.

Ìkẹta ni ṣíṣí irun nípò. Wọn yóò mú irun láti ìpàkó, wọn yóò gbìn ín síwájú. Dókítà Norman Orentreich ní New York kọ nípa iṣẹ́ yìí ní 1959, ó sì fi hàn pé irun ìpàkó kì í gbàgbé ìwà rẹ̀ níbi tuntun. Owó ńlá ni. Irun tiwa a máa lọ́ nínú awọ, awọ tiwa sì máa ń yára yọ kókó àpá. Nítorí náà, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó ṣáà ní abẹ ni a ń fi orí lé.

Ti àdúgbò wa ńkọ́? Òrí àti àdí dára, wọ́n ń mú awọ orí rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í dá DHT dúró. Omi àlùbọ́sà tí ọ̀pọ̀ ń sọ, ìwádìí kékeré kan ní Ìráàkì ní 2002 rí i pé ó ran àwọn kan lọ́wọ́, àmọ́ irun tó já róbótó ni wọ́n dán an wò fún, kì í ṣe orí pípá tí a jogún. Ní ti ìpara tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì, èyí tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, tó ń wo ẹ̀yìn dídùn, tó sì tún ń hu irun, ẹ fi owó yín sápò.

Ẹni tí kò bá mọ èyí tó ń ṣe é, kó lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIOSUN ní Òṣogbo tàbí Wesley Guild ní Iléṣà, kó ní kí wọ́n júwe òun sí dókítà awọ ara.

ÀDÚRÀ ŃKỌ́?

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oògùn ní ìtàn láàárín wa. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni iná ìsọjí ti ràn ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930, ọ̀pọ̀ àwọn bàbá ìgbàgbọ́ wa nígbà náà kò sì fọwọ́ kan oògùn rárá. A bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n orí pípá tí a jogún kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn tí a ń lé jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé àjẹ́ ló jí irun yín, tó sì ní kí ẹ mú owó òróró wá, ẹ bi í léèrè ìdí tí bàbá yín àti bàbá bàbá yín fi rí bẹ́ẹ̀ náà.

Irú èrò báyìí máa ń bí ohun búburú. Ní oṣù kẹfà 2017, ní ìpínlẹ̀ Zambézia ní Mòsáńbíìkì, ọlọ́pàá kìlọ̀ fún àwọn apárí pé kí wọ́n ṣọ́ra, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa àwọn kan nítorí ìgbàgbọ́ pé wúrà wà nínú orí wọn. Láàárín wa náà, àwọn kan gbà pé owó ń bọ̀ bí iwájú orí bá ti ń ṣí. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀, ìbáà ṣe àwàdà.

IYÌ ỌKÙNRIN KÒ SÍ NÍNÚ IRUN

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Bẹ́tẹ́lì fi orí Èlíṣà ṣe yẹ̀yẹ́, kò tíì pẹ́ tó wo omi Jẹ́ríkò sàn. Omi náà kò béèrè bóyá irun wà lórí wòlíì. Síbẹ̀, kò yẹ kí a rò pé yẹ̀yẹ́ kì í dunni. Ní 2022, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dájọ́ pé bí wọ́n bá fi orí pípá bú ọkùnrin níbi iṣẹ́, ìwọ̀sí tó jẹ mọ́ jíjẹ́ ọkùnrin ni, òfin sì lè mú un. Bí òfin àwọn ẹlòmíràn bá ka ọ̀rọ̀ yìí sí, ó yẹ kí ilé tiwa náà kà á sí.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má fi orí ọkọ yín ṣe àpèjúwe lójú àlejò. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ ọmọ pé a kì í pe àgbà ní apárí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ ń sún ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ síwájú nítorí irun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́; ọmọbìnrin tó fẹ́ yín yóò bá yín gbé nígbà tí irun tirẹ̀ náà bá di ewú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá gba oorun lójú rẹ̀, tí kò fẹ́ rí ènìyàn mọ́, kó má dá a gbé. Kó sọ fún dókítà, kó sì sọ fún ẹni tó fọkàn tán nínú ìjọ.

Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, kó tọ́jú rẹ̀ lọ́nà tó yè kooro. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ ṣí fìlà, kí ẹ sì jókòó síwájú. Olúwa tó mọ iye irun orí wa mọ iye èyí tó ti lọ pẹ̀lú. Kí Ó fún gbogbo wa ní àlàáfíà. Àmín.