Owó Kò Yẹ Kó Jẹ́ Asẹ́ Ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Fíìmù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù fún oyè kejì, ó jọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló fẹ́ ṣẹ́ kù, èyí sì ni ọ̀nà àwọn ọmọ olówó. Àwọn aláṣẹ ń kéde pé ọmọ gbogbo ẹ̀yà ni àwọn ń fẹ́, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà ń lé àwọn ọmọ náà padà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Watts ní Los Angeles ní 1965, yunifásítì ìjọba tó wà ní ìlú náà, UCLA, gbé ètò kan kalẹ̀ ní ẹ̀ka fíìmù rẹ̀ láti gba àwọn ọmọ adúláwọ̀, ọmọ ìran Mẹ́síkò, ọmọ ìran Éṣíà àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Owó tí ọmọ ìpínlẹ̀ náà ń san nígbà náà kò pọ̀. Watts gan-an ni Charles Burnett ti dàgbà. Òpin ọ̀sẹ̀ ló fi ń ya "Killer of Sheep", ìtàn òṣìṣẹ́ ilé ìpẹran kan. Àwọn ará àdúgbò ló ṣeré nínú rẹ̀, gbogbo ìnáwó rẹ̀ kò sì tó 10,000 dọ́là. Ó fi í gboyè ní 1977. Ní 1990, Ilé Ìkówèésí Ìjọba Àpapọ̀ kà á mọ́ àwọn fíìmù tí orílẹ̀-èdè náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kó parun. Julie Dash jáde láti UCLA bákan náà. Nínú "Daughters of the Dust" tó gbé jáde ní 1991, ó fi àwọn òrìṣà bí Ògún àti Yemọja ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Ká ní owó ti dí àwọn wọ̀nyí lọ́nà ni, ta ni ì bá sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 2021, ìwé ìròyìn The Wall Street Journal fi hàn pé ìdajì àwọn tó yá owó ìjọba kẹ́kọ̀ọ́ fíìmù jáde ní Columbia, ní New York, ló jẹ gbèsè 181,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n gboyè, owó tó ń wọlé fún ìdajì wọn kò tó 30,000 dọ́là lọ́dún.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan sì kọ́. Níbi púpọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà fíìmù tí yóò fi gboyè: oúnjẹ òṣìṣẹ́, owó ọkọ̀, owó ibi tí wọn yóò ti yàwòrán. Ọmọ olówó á ránṣẹ́ sílé. Ọmọ tálákà á gé ìtàn rẹ̀ kúrú. Nígbà tí àwọn adájọ́ bá wo fíìmù méjèèjì, wọ́n á ní ẹ̀bùn ẹni àkọ́kọ́ ju ti èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ owó ló sọ̀rọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tó bá ní ẹ̀bùn yóò rí ọ̀nà gbà, nítorí Burnett kò lówó, síbẹ̀ ó ṣe é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ yunifásítì ló lò, owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì ga. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2025 pàṣẹ pé, láti 1 July 2026, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní irú ẹ̀kọ́ yìí kò ní lè yá ju 20,500 dọ́là lọ lọ́wọ́ ìjọba lọ́dún. Èyí lè dín gbèsè kù, ṣùgbọ́n bí àwọn yunifásítì kò bá dín owó wọn kù, ẹni tí kò ní baba olówó yóò dúró síta ni.

Ohun tó tọ́ kò ṣòro láti rí. Kí àwọn yunifásítì dín owó ẹ̀kọ́ kù, kí wọ́n sì pín owó fíìmù ìgboyè ní ọgbọọgba fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń fẹ́ ọmọ gbogbo ẹ̀yà ní tòótọ́, iye tó kọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni yóò fi hàn.