Ìbọn Àkọ́kọ́ fún Àmì Òkèèrè
Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà tí ẹ fẹ́ fi ìbọn yíyìn sí àmì òkèèrè ṣe eré ìdárayá, ẹ má ṣe kó gbogbo owó lé ìbọn. Awò orí rẹ̀ náà tó ohun tí à ń náwó lé: ohun tí ojú kò rí, ọwọ́ kò lè bà á. Kí ẹ tó ra ìbọn 6.5 Creedmoor, .22 ni kí ẹ fi kọ́ṣẹ́. Ọta rẹ̀ kò wọ́n, kì í gbáni léjìká, afẹ́fẹ́ sì ń tètè yà á lọ́nà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ní mítà 100 ti ń mọ afẹ́fẹ́ kà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń bẹ nílé, àpótí onírin alágàdágodo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun?