Ọ̀mì 1-1: Bí ọ̀dá góòlù ṣe gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026 lọ́wọ́ Super Eagles

Nígbà tí Chancel Mbemba gbá pẹnárítì ìkẹyìn sáwọ̀n nílùú Rabat, lórílẹ̀-èdè Morocco, lálẹ́ ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, ìrètí Nàìjíríà láti lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026 pin. DR Congo ló fi 4-3 borí nínú pẹnárítì, lẹ́yìn tí ikọ̀ méjèèjì ti fi 120 ìṣẹ́jú ta ọ̀mì 1-1.

Ìgbà kejì rèé léraléra tí Super Eagles kò ní sí nínú ìdíje náà. Láti ọdún 1994 tí wọ́n ti kọ́kọ́ débẹ̀, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Kíá ni àríyànjiyàn gbòde kan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ náà, Eric Chelle, sọ fáwọn akọ̀ròyìn pé ẹnìkan lára àwọn ará Congo ń lo agbára òkùnkùn lásìkò pẹnárítì. Àwọn mìíràn kọjú ìbínú sí Calvin Bassey, Moses Simon àti Semi Ajayi, tí wọn kò rí tiwọn gbá wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yẹ ìrìnàjò náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé kì í ṣe Rabat lẹsẹ̀ ti kọ́kọ́ yẹ̀. Ọ̀dá góòlù ti mú ikọ̀ náà tipẹ́ kí wọ́n tó dé ìdí pẹnárítì.

Góòlù kan péré nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7

Ìsọ̀rí C ni Nàìjíríà wà pẹ̀lú South Africa, Benin, Rwanda, Lesotho àti Zimbabwe. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan gbá. Nínú 7 lára ti Nàìjíríà, góòlù kan péré ni Super Eagles rí gbá wọlé.

Ọ̀mì 5 ni wọ́n ta, 1-1 sì ni gbogbo rẹ̀. Lesotho ló kọ́kọ́ bá wọn ta á nílùú Uyo ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2023. Zimbabwe tẹ̀lé e lọ́jọ́ díẹ̀ sí i nílùú Huye, lórílẹ̀-èdè Rwanda. South Africa ṣe bẹ́ẹ̀ ní Uyo ní oṣù Kẹfà, ọdún 2024. Zimbabwe tún un ṣe ní Uyo ní oṣù Kẹta, ọdún 2025, South Africa náà sì tún un ṣe ní Bloemfontein ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn.

Ìṣirò ohun tí èyí dá sílẹ̀ kò le. South Africa gba ipò kìíní pẹ̀lú àmì 18, Nàìjíríà sì ní 17. Ká ní góòlù kan ṣoṣo ti wọlé sí i nínú èyíkéyìí lára ọ̀mì 5 yìí, àmì 19 ni Nàìjíríà ì bá ní. Wọn kì bá tí dé Rabat wá gbá pẹnárítì rárá.

Ohun tó tún mú un dunni ni pé àǹfààní yọjú. FIFA yọ àmì 3 kúrò lára ti South Africa nítorí pé wọ́n lo Teboho Mokoena, tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Lesotho. Síbẹ̀, Super Eagles kò lé wọn bá. Zimbabwe ẹ̀wẹ̀, tí kò borí ẹnikẹ́ni nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10, àmì 5 péré ló ní, Nàìjíríà ló sì ti rí 2 nínú rẹ̀.

Ìbínú tó ti pẹ́ nílẹ̀

Ìbínú àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 2022, 1-1 yìí kan náà ni Nàìjíríà àti Ghana gbá ní pápá ìṣeré MKO Abiola nílùú Àbújá, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbá 0-0 ní Kumasi. Góòlù kan tí Ghana gbá wọlé lẹ́yìn odi ló gbé wọn lọ sí Qatar. Èrò ya wọ pápá lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ba nǹkan jẹ́. Nínú 180 ìṣẹ́jú, góòlù kan ni Nàìjíríà ní, pẹnárítì ni wọ́n sì fi rí i.

Fún ẹni tó sanwó wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, tàbí tó ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ nítorí àtiwo Super Eagles, irú góòlù tí Tawanda Chirewa gbá wọlé fún Zimbabwe ní Uyo, nígbà tí eré ti ń lọ sópin, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tètè gbàgbé. Ikọ̀ yìí wà lára ohun díẹ̀ tó ń mú ọmọ Kano, ọmọ Enugu àti ọmọ Ìbàdàn hó ìhó ayọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àwọ̀n kò bá mì, ohun tí wọ́n pàdánù ju eré lọ.

Àfiwé tún wà tó ń ta wọ́n lára. Orílẹ̀-èdè 48 ni yóò kópa lọ́dún 2026, Áfíríkà sì ní àyè 9 tí kò nílò àfikún ìdíje. Cape Verde, tí èèyàn ibẹ̀ kò ju bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, rí ọ̀kan gbà fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn. Nàìjíríà, tí èèyàn rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù, kò rí.

Orúkọ ńlá, góòlù díẹ̀

Kì í ṣe pé atamátàsé ló wọ́n. Victor Osimhen ni agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jùlọ ní Áfíríkà lọ́dún 2023. Ademola Lookman ló gbà á lọ́dún 2024, ọdún tó gbá góòlù 3 wọlé fún Atalanta nínú àṣekágbá Europa League.

Àmọ́, góòlù 15 tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú ìsọ̀rí C sọ ìtàn mìíràn. Osimhen nìkan ló ni 6. Àwọn atamátàsé mẹ́ta yòókù, Kelechi Iheanacho, Tolu Arokodare àti Akor Adams, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn adílémú ní 3, àwọn agbábọ́ọ̀lù àárín náà ní 3. Lookman, Simon àti Samuel Chukwueze, tó yẹ kí wọ́n máa ti ẹ̀gbẹ́ pápá da ilé ọ̀tá rú, kò ní ẹyọ kan.

Osimhen kò sí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4 àkọ́kọ́ nítorí pé ó fara pa. Góòlù 4 àti àmì 3 ni ikọ̀ náà rí kó jọ nínú wọn. Ní Rabat, ó tún fara pa, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà ìsinmi ìdajì eré. Frank Onyeka ti fún Nàìjíríà ní góòlù ní ìṣẹ́jú kẹta, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Osimhen jáde, 75 ìṣẹ́jú kọjá láìsí òmíràn. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ṣé àwọn atamátàsé nìkan ló jẹ̀bi?

Kò dájú. Nínú 4 lára ọ̀mì 5 yẹn, ikọ̀ kejì ló kọ́kọ́ rí àwọ̀n, èyí tó fi hàn pé ilé ẹ̀yìn náà ń jò. Bákan náà, bí Lesotho tàbí Zimbabwe bá kó gbogbo agbábọ́ọ̀lù wọn sẹ́yìn, ẹni tó lè fi ọgbọ́n gbé bọ́ọ̀lù gba àárín wọn kọjá ni ikọ̀ nílò. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Jay-Jay Okocha kò fi kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwọn aláṣẹ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́ta ló darí ikọ̀ náà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10. José Peseiro ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yan Finidi George ní ìparí oṣù Kẹrin, ọdún 2024, nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kàn kò ju bí oṣù kan lọ mọ́. Ó fipò sílẹ̀ lẹ́yìn tí Benin, tí Gernot Rohr tó ti darí Super Eagles rí ń darí, nà wọ́n 2-1. Oṣù kìíní, ọdún 2025 ni Chelle tó dé. Lábẹ́ rẹ̀, Nàìjíríà gba àmì 14 nínú 18, wọ́n sì gbá góòlù 11 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6. Ó ṣe kedere pé bí ètò bá wà, góòlù ń wọlé. Àsìkò tí wọ́n fi ṣòfò ni kò padà.

Ọjọ́ méjì ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Gabon, àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀ láti ṣe ìgbáradì ní Morocco nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Wọ́n borí 4-1 lẹ́yìn àfikún àkókò, ṣùgbọ́n ọkàn tí ń ka gbèsè kò lè fi gbogbo ara wá góòlù.

Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní Morocco ní oṣù Kejìlá, ọdún 2025 fún wọn láǹfààní láti pẹ̀tù sọ́kàn àwọn aráàlú. Tanzania, Tunisia àti Uganda ni wọ́n kọ́kọ́ kojú níbẹ̀. Bí Osimhen bá wà nípò, góòlù lè pọ̀. Ìbéèrè tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń bi Àjọ tó ń mójútó eré bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, NFF, ni pé ta ni yóò mi àwọ̀n lọ́jọ́ tí kò bá sí.