Ẹ Jẹ́ Kí Á Gbọ́ Orin Àyìnlá Ọmọwúrà

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Bí ènìyàn bá dárúkọ Àyìnlá Ọmọwúrà láàárín wa, ohun tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ni pé, “Ṣé èyí tí wọ́n fi ife ọtí pa?” Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni. Ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni, ní Abẹ́òkúta. Òun àti máníjà rẹ̀ àtijọ́ ló jọ jà lórí ọ̀rọ̀ alùpùpù. Mo ti sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí á kúrò níbẹ̀.

Wásinmi ni wọ́n bí mi sí, lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Bàbá mi àgbà ní ẹ̀rọ giramafóònù kan tí ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bí wọ́n bá gbé àwo Àyìnlá sí i, tí orin dé ibi tó ti ń ki ẹnì kan, wọn a gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sókè, wọn a sọ ẹni tí onítọ̀hún jẹ́ fún wa, iṣẹ́ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, àti ohun tó da òun àti Àyìnlá pọ̀. Ní ọdún 2022, bàbá papò dà. Àwo mọ́kànlá wà nílé di òní, mẹ́ta ti sán. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbé abẹ́rẹ́ sókè kò sí mọ́.

Hárúnà Ìṣọ̀lá ará Ìjẹ̀bú-Igbó ti gbé àpàlà dé ibi gíga kí Àyìnlá tó dé, orin tirẹ̀ sì máa ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àyìnlá ọmọ Ìtòkò mú un yára, ó mú un gbóná, Adéwọlé Onílùọlá sì ń fi ìlù dá a lóhùn. Kò kàwé. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí mẹ̀kúnnù ń sọ nígbà náà, kí ó lọ gbọ́ ọ: ètò ìkànìyàn ọdún 1973, owó Udoji, owó ilé l’Ékòó, eré àsápajúdé àwọn onídánfó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Òótọ́ ni, ó bú àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ní orin tó fi bá àwọn obìnrin wí tí inú èmi kò dùn sí. N kò ní kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń kọ́ ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní kíláàsì, èébú inú rẹ̀ a sì máa pa wá lẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí ti àpàlà fi di ẹ̀gbin? Lójú tèmi, torí pé ilé ọtí ni a ti ń gbọ́ ọ ni.

Festus Adedayo kọ ìwé nípa ayé rẹ̀ ní 2020, Túndé Kèlání sì gbé fíìmù rẹ̀ jáde ní 2021. Mo sanwó wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mejì! Ṣùgbọ́n fíìmù kò lè bá wa ṣe iṣẹ́ tiwa. Kíkọ orin náà sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣíṣe àlàyé èdè Ẹ̀gbá inú rẹ̀, wíwá ìdílé àwọn tó kì: iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nìyẹn. Àwo rẹ̀ lé ní ogún. Bí ẹni mẹ́wàá bá mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ àṣekágbá wọn, ọ̀nà ti ń jìn.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí kò sán. Nínú àkọ́kọ́, orúkọ ènìyàn mẹ́fà ni mo gbọ́. Mo lọ sí Ìtòkò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rí ẹni tó mọ méjì nínú wọn. Wọ́n ní bàbá kan wà ní Láfẹ́nwá tó mọ àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ara wọn kò le, kí n tètè wá.