'Àti' tó gbé ìbò ààrẹ dé ilé-ẹjọ́
Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ti ẹ̀ka òfin, tó fẹ́ mọ bí adájọ́ ṣe ń ronú, kó yẹ ẹjọ́ ìbò ààrẹ ọdún 2023 wò. Abala 134 ìwé òfin Nàìjíríà ní kí olùborí ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ 'àti' Àbújá. Bọ́lá Tinúbú kò ní i ní Àbújá. Lójú ẹni tó ka abala yẹn nìkan, ọ̀rọ̀ àwọn olùpẹjọ́ kò ṣeé dà nù. Ṣùgbọ́n abala 299 ní bí ìpínlẹ̀ kan ni kí á máa lo òfin fún Àbújá. Lọ́jọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 2023, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá kò ní ipò ọ̀tọ̀. Ta ló borí ni ọ̀pọ̀ ń bèèrè. Ìdí tí adájọ́ sọ, tí ẹjọ́ mìíràn yóò dúró lé, díẹ̀ ló kà á.